Ìlà Kẹsàn-án Nínú Fọ́ọ̀mù Tolúwalọpẹ́

Ọjọ́ Túsìdé ni wọ́n fi résà la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ọdún 1994 ni, ìparí oṣù kejì, yìnyín ṣì wà lẹ́bàá títì ní District Heights tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà. Mo ń bó iṣu lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Tolúwalọpẹ́ wọlé láìkí mi. Ó fi ìborùn rẹ̀ di ojú mú. Mo ní kí ló dé. Ó mú ọwọ́ kúrò, mo sì rí eyín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti máa rí eyín ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, Jessica ni wọ́n ń pè é, ló ṣe é nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ni. Jessica ní kí ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un, Tolú ní òun kò bọ́ ọ. Ọmọ náà tu résà jáde láti abẹ́ ahọ́n bí ẹni tu eegun ẹja, ó sì fà á láti ẹ̀bá etí dé ẹ̀bá ẹnu. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi rán an ní ọsibítù.

Ìyá rẹ̀, Ọmọ́kẹ́mi, nọ́ọ̀sì ni. Ó dúró ti dókítà, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ ojú ọmọ rẹ̀ tó ń jáde, kò sunkún. Nígbà tí a délé, ó fọ ẹ̀jẹ̀ inú bàtà, ó gbé e síbi tí ooru ti ń jáde lára ògiri kó lè gbẹ, ó wá ní ilé-ìwé yẹn kò tún ní rí Tolú mọ́ lẹ́yìn ọdún yìí. Oṣù tó ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa ẹnìkan níbi tí Tolú ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Láti ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n já pákó sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù ni.

Ilé-ìwé girama kan wà tó jẹ́ ti Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ́ǹgílándì. Orúkọ mìíràn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ìjọ náà, ṣùgbọ́n ìjọ tiwa náà ni, bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé ni wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ọmọ́kẹ́mi gba fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tí àlùfáà ìjọ náà bá kọ̀wé nípa ìdílé rẹ̀ ni àwọn yóò kọ́kọ́ gbà.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti kọ́. Rótìmí ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ti fi ìjọ wa sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ń lọ ní Largo, níbi tí pásítọ̀ ti máa ń làágùn bí ẹni gúnyán fún àlejò. Èmi nìkan ni mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wa ní Capitol Heights. Bridget, opó ará Sàró kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló máa ń fi mọ́tò gbé mi. Nítorí náà, nínú ilé tí ènìyàn méjì ti kàwé dé yunifásítì, èmi tí mi ò jókòó ní kíláàsì ọ̀sán rí ni fọ́ọ̀mù náà wá bá.

Àlùfáà wa kì í purọ́. Ó ní òun yóò kọ ohun tó jẹ́ òtítọ́: pé ìyá àgbà yìí ti ń kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ àwọn láti ọdún mẹ́fà, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ni Tolúwalọpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni kí n bá wọn dé ilé-ìwé náà, kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ ọmọ.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ọmọ́kẹ́mi bi mí pé kí ló kù tí mo fẹ́ rò. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sọ orúnkún. Ọmọ náà ń fi kòkò tíì fa omi ẹ̀kọ mu, nítorí kò lè la ẹnu.

Orúnkún kọ́. Mobáyọ̀ ni.

Mobáyọ̀ ni àkọ́bí mi. Rótìmí kò mọ̀ ju pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tí ibà pa kí wọ́n tó bí òun. Bàbá wọn náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú, torí Góòlù Kóòsì ló ti ń ṣòwò lọ́dún náà. Ọdún 1951 ni. Ilé-ìwé ìjọ wà ní abúlé wa lọ́nà Ìwó, Mobáyọ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì ìkórè, ọsàn mẹ́ta dín nínú ohun tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ. Tíṣà àgbà ní Mobáyọ̀ ni. Ọmọ náà sá wálé, ó wọ abẹ́ ibùsùn. Mo fà á jáde, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, mo gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí òórùn ọsàn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò jẹ ẹ́.

Síbẹ̀ mo mú un padà. Èmi ni. N kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyá olè tó ń fi olè pamọ́. Mo mú adìẹ kan dání láti fi bẹ Tíṣà, mo ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ní, "Ọmọ yín ni, sà. Ẹ nà án, ẹ má wojú mi."

Wọ́n gbé e lé orí tábìlì. Àwọn ọmọ ńlá méjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, méjì di ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mo ń kà á. Nígbà tó pé méjìlá, mo rò pé ó parí. Nígbà tó fi máa pé ogún, Mobáyọ̀ kò ké mọ́, igbe ti tán nínú rẹ̀, ìró pàṣán nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Ó tó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pa ẹnu dé mọ́ ọn bí ẹni tó kó omi sẹ́nu. N kò sọ ọ́. Adìẹ tí mo mú wá ń jà lábẹ́ apá mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà pariwo.

Ẹ̀jẹ̀ ló tọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ wú, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Tíṣà àgbà mú ìwé kan wá, ó ní ibà ni òun kọ síbẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ ní àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan mo wọ ẹgbẹ́ ìwé àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, kí n má baà tẹ̀ka sí ohun tí n kò lè kà mọ́ láyé mi. Ibi tí mo kà á dé náà ni mo fi ń kọ eléyìí. N kò kúrò nínú ìjọ. Ọlọ́run kọ́ ló na ọmọ mi.

Ẹ wá rí ìdí tí orúnkún fi ń dùn mí.

Jessica kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ó rán Stephanie, ọmọ àdúgbò wa kan, sí Tolú pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ń dúró de òun. Lọ́jọ́ Furaidé tó tẹ̀ lé e, Rótìmí ń wá bírò nínú báàgì ọmọ rẹ̀, ọ̀bẹ tí mo fi ń bó iṣu ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ti fi aṣọ ìnujú wé e.

Rótìmí tú bẹ́líìtì. Mo gbọ́ ọ láti òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kò sì tíì tán tí mo fi rí wọn. Tolú kò sá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún bẹ́líìtì. Ojú nìkan ló ń dáàbò bò. Bẹ́líìtì ń ró, irin orí rẹ̀ ń bá egungun ẹ̀yìn ọmọ, èmi sì dúró lórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe dúró lẹ́yìn fèrèsé níjọ́sí, ẹnu mi pa dé.

Ó rẹ Rótìmí fúnra rẹ̀. Ó ju bẹ́líìtì nù, ó jókòó sílẹ̀.

"Màmá," ó ní, "wọ́n á pa ọmọ yìí fún mi, àbí kó lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní kó pe Bridget fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ìwé lọ́wọ́ àlùfáà.

Mo fẹ́ràn ilé-ìwé náà nígbà tí a débẹ̀, irọ́ kò sí níbẹ̀. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, igi ńláńlá yí i ká, àwọn ọmọ tó ń kọjá sì ń rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé wọn. Pírínsípà jẹ́ òyìnbó gíga kan tí irun rẹ̀ funfun. Èmi ló kọ́kọ́ fún ní àga. Ó ka ìwé àlùfáà dópin, ó wo ojú Tolú láìbẹ̀rù rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí yóò mú résà sún mọ́ ọn níbí. Ọmọ́kẹ́mi tí kò sunkún níwájú abẹ́rẹ́ wá bú sẹ́kún.

Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ síwèé, ojú ewé lórí ojú ewé, bí ẹni ń pa èèrà. Ó sọ ohun kan fún pírínsípà, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi kí n lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Mo sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni, Màmá. Kí wọ́n nà án tó bá yájú, kí wọ́n má wojú wa. Wọ́n ní àwọn òbí ìlú yìí kì í sọ irú ẹ̀ fáwọn."

N kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó ń kọ́ wa, a kàn máa ń bá a lẹ́nu wa ni.

Ó kan èmi. Wọ́n gbé bírò fún mi. Mo ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Rótìmí ní òfin ilé-ìwé lásán ni. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi, gbogbo rẹ̀. Ọmọ́kẹ́mi mí kanlẹ̀. Tolú ló mú ìwé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kà á lédè òyìnbó, bàbá rẹ̀ ń yí i sí Yorùbá. Wọ́n ka ti aṣọ, wọ́n ka ti ṣọ́ọ̀ṣì àárọ̀, wọ́n ka ti irun. Ó dé ìlà kẹsàn-án. Ó ní ilé-ìwé lè fi pákó na ọmọ, iye tó bá tọ́ lójú wọn, àwọn òbí kò sì ní bá wọn jiyàn rẹ̀. Tolú kà á jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ọmọ tí wọ́n ti nà tán ni.

Mo ní pákó náà dà. Rótìmí bi pírínsípà, ó nàka sí ògiri. Lábẹ́ àgbélébùú ló wà, ó pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀, wọ́n lu ihò mẹ́ta sí i kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Ibi tí ọwọ́ máa ń dì í mú ti ń dán. Mo ní kó bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí tábìlì.

"Rótìmí, gbà á, kí o fi nà mí."

Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ó ní, "Ẹ̀yin Màmá yìí náà."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Nà mí kí n mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má dójú tì wá níbí."

Mo ní, "Egungun tèmi ti gbó, ọwọ́ rẹ kò gbà á. Ti ọmọ rẹ tí kò tíì dàgbà lo fún wọn. Ibà kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lójú òyìnbó tí kò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Kò gùn. Ọsàn mẹ́ta, tábìlì, adìẹ, ìwé tí mo tẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti gbé e, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan. Rótìmí di orí mú. Ṣùgbọ́n Ọmọ́kẹ́mi dìde, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Màmá, ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ṣé résà ló wá sàn jù? Ẹ wo ojú ọmọ mi."

Mo wo ojú náà.

Pírínsípà rò pé bí pákó ṣe wúwo tó ló ń bà mí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e, ó fi gbá apá àga aláwọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí n lè rí i pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó ró, pá.

Tolú ti wà lábẹ́ tábìlì. A kò rí ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó yọ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wa. Ó ti tẹ ojú náà le débi tí òwú já, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn.

Rótìmí mú bírò lórí tábìlì, ó fa ìlà gba orí ìlà kẹsàn-án, ó tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ya. Pírínsípà wò ó. Ó ní fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo òbí ń fọwọ́ sí. Ó ká ìwé àlùfáà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. Kò bínú, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọmọ́kẹ́mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń gbé oúnjẹ mi síwájú mi, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ìjọba ìlú yìí kò gbà kí ọmọ jókòó sílé, nítorí náà Tolú padà sí ibi résà. Mo sọ fún wọn pé èmi ni yóò máa sìn ín dé ibi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Mo wọ kóòtù Rótìmí lé aṣọ mi, mo mú ọ̀pá mi. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọlọ́pàá Tolú ti dé. Mo ń kí wọn káàárọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún ni Jessica wá. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Àwọn méjì gba ẹ̀yìn Tolú, wọ́n di irun rẹ̀ mú, Jessica sì ń bọ̀ níwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí bí ẹni tó ń jẹ súìtì. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo wọ àárín wọn. Nígbà tó tu ú sọ́wọ́ tó gbé e, mo gbá ọwọ́ náà mú, ọwọ́ àti résà pọ̀. Ó fà á. Résà wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó la àtàǹpàkò mi dé egungun. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kan egungun. N kò jù ú sílẹ̀. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí résà fi jábọ́, àwọn méjì yòókù sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀.

Mo gbé ọ̀pá mi, mo là á mọ́ èjìká Jessica. Ó ṣubú. Mo tún un là. Mo là á ní ẹ̀yìn, mo là á ní itan, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi ń ta sí i lára. Mo gbọ́ ohùn mi tó ń kà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mò ń kà á. Ìdùnnú wà nínú rẹ̀, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Tíṣà àgbà ni mò ń nà, ara mi ni mò ń nà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ni ọ̀pá ń bá. Ó ti kúnlẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo ti dé méje.

Ẹnìkan di ọ̀pá mú lẹ́yìn mi.

"Ó tó, Màmá Àgbà."

Tolú ni. Ọmọ yìí kì í sọ Yorùbá, a máa ń bẹ̀ ẹ́ kó tó kí ènìyàn. Ó wọ́ ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ó tó," ó tún wí. "Ó tó."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Mo wo Jessica. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti Mobáyọ̀.

Ọlọ́pàá dé, wọ́n béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ pe ẹnìkejì lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà Jessica wá sí ilé wa, obìnrin bí tèmi, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ó wo ọwọ́ mi, mo ní kí Rótìmí bá mi béèrè bí ẹ̀yìn Jessica ṣe wà. Ó ní ó ń sàn. Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́. A mu tíì.

Ọsibítù tí Ọmọ́kẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé mi lọ lọ́jọ́ ìjà náà. Òun ló di ọwọ́ mi mú bí wọ́n ṣe ń rán an. Ó ń wo àtàǹpàkò náà, kò wo ojú mi.

"Ọdún mélòó ni Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀ ì bá jẹ́ báyìí?" ó ní.

Mo ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè.

Ìwé àlùfáà ṣì wà nínú báàgì mi. Ìjọ kan náà ní ilé-ìwé mìíràn, ó jìnnà, Rótìmí ní láti máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kó tó lè gbé e débẹ̀. Oṣù karùn-ún la lọ. Obìnrin ni pírínsípà ibẹ̀. Mo wo gbogbo ògiri rẹ̀ kí n tó jókòó. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún Rótìmí, kò gba bírò. Ó gbé e fún Tolú, ó ní kó kà á sókè. Ìlà mẹ́rìnlá ni. Ọmọ náà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àpá ojú rẹ̀ ń dìde, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ń yí i sí Yorùbá fún mi, Ọmọ́kẹ́mi sì jókòó jẹ́jẹ́, kò mí kanlẹ̀.

Nígbà tó kà á tán, n kò gbọ́ pákó níbẹ̀, mo ní kó tún un kà.